Ẹ Pa Ìwé Aláìsàn Dé

Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìyànà Ìbà, tí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá títì Àgbádárìgì, kọjá ẹnu ọ̀nà Yunifásítì LASU títí dé Okokomaikò, yóò rí pátákó ìlera tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní lè kà wọ́n tán. Ilé ìwòsàn oníbẹ́ẹ̀dì márùn-ún ń bẹ níhìn-ín, ilé ìgbẹ̀bí ń bẹ lọ́hùn-ún. Láàbù tí kò ju yàrá kan lọ fi ẹ̀gbẹ́ ti kẹ́mísì, kẹ́mísì sì kọjú sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń yẹ ojú wò. Bí a bá yà wọ inú Ìbà, tàbí tí a gba ọ̀nà Alábà wọ Ọ̀jọ́, bákan náà ni. Àwọn ilé kéékèèké wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn àdúgbò náà ń sá tọ̀ nígbà tí ara wọn kò bá dá.

A kò ní tẹ́ńbẹ́lú wọn. Bí gìrì bá gbé ọmọ lóru, tí ọ̀nà ilé ìwòsàn ìjọba sì jìn, àwọn ni wọ́n ń dìde lórí ibùsùn láti ṣílẹ̀kùn. Àwọn ni wọ́n ń gbà kí aláìní san díẹ̀ lónìí, kí ó san ìyókù nígbà tí ó bá pa ọjà. Ẹni tí ó bá ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ yẹ fún ọpẹ́, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé ara wọn lọ, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àṣírí aláìsàn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi ohun tí ojú wa rí. Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwa òṣìṣẹ́ ìwé ìròhìn yìí sin ìbátan rẹ̀ lọ sí láàbù kan ní agbègbè náà. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe òun nìkan ni ó ń ṣe ohun tí a rí níbẹ̀. Lórí tábìlì tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ni ìwé ńlá kan wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Orúkọ wà nínú rẹ̀, ọjọ́ orí wà, òpópónà tí olúkúlùkù ń gbé wà, nọ́ńbà fóònù wà. Àyẹ̀wò tí ó wá ṣe àti èsì rẹ̀ sì wà ní ìlà kan náà. Obìnrin kan tí ó wá gba èsì tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka wá orúkọ ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí ó tó kan tirẹ̀, ó ti ka ti ènìyàn mọ́kànlá. Nígbà tí ó dé orí ẹnì kejìlá, ó dúró, ó ní, ‘Háà! Ìyàwó ilé kejì wa nìyí!’ Ọmọdébìnrin tí ó jókòó ti ìwé náà kò sọ nǹkan kan. Kò dà bí ẹni pé ó rí ohun tí ó burú níbẹ̀.

Ọmọdébìnrin náà kì í ṣe ìkà. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ni. Bóyá ìwé mẹ́wàá ni ó kà tán, tí a sì gbà á síṣẹ́ láti máa kọ orúkọ àti láti máa gba owó. Kò sí ẹni tí ó pè é sí kọ̀rọ̀ wí fún un pé ohun tí ó wà nínú ìwé yẹn kì í ṣe tirẹ̀, kì í ṣe ti ọ̀gá rẹ̀, kì í ṣe ti àwọn tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Pé ti ẹni tí ó ni ara ni.

Ìwé ṣíṣí sílẹ̀ nìkan kọ́ ni ọ̀nà tí àṣírí ń gbà jáde. Òṣìṣẹ́ a máa fi fóònù ara rẹ̀ ya àwòrán èsì àyẹ̀wò, kí ó lè fi í ránṣẹ́ sí dókítà lórí WhatsApp. Àwòrán náà yóò sì wà nínú fóònù ọ̀hún títí di ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ náà bá bínú kúrò níbi iṣẹ́, tàbí ọjọ́ tí olè bá já a gbà ní ibùdókọ̀. Nọ́ọ̀sì a máa dúró sẹ́nu ọ̀nà, a sì máa fi ohùn rara bèèrè láàárín èrò pé, ‘Ta ni ó ṣe àyẹ̀wò oyún níhìn-ín?’ Fáìlì ọlọ́jọ́ pípẹ́ a máa kún inú páálí lábẹ́ àtẹ̀gùn. Nígbà tí àyè kò bá sí mọ́, ẹnì kan yóò kó o fún ẹni tí ń ra bébà àlòkù, ẹni náà yóò sì tà á fún alákàrà àti ẹlẹ́pà. Ta ni nínú wa tí kò tíì jẹ ẹ̀pà tán rí, kí ó wá máa ka ohun tí a kọ sára bébà tí a fi dì í? Bí ó bá jẹ́ ìwé ìdánwò ọmọ iléèwé ni, ẹ̀rín ni a óò fi í rín. Bí ó bá jẹ́ ìwé aláìsàn ńkọ́?

Àwọn kan lè wí pé, kí ni ó tilẹ̀ ṣe? Ṣé àìsàn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni? Òótọ́ ni, àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ bí ayé ti rí. Bí a bá gbọ́ ní Alábà pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ṣe òǹtajà kan, àwọn oníbàárà kò ní dúró bèèrè bóyá ó ti ń lo oògùn tàbí bóyá àrùn náà ṣì lè ran ẹlòmíràn. Ṣọ́ọ̀bù kejì ni wọ́n máa yà sí. Bí a bá gbọ́ pé kòkòrò HIV wà lára obìnrin kan, onílé lè lé e jáde, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó bá ń lo oògùn HIV déédéé tó bẹ́ẹ̀ tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ kì í kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Àwọn ènìyàn wa ṣì ń pe àrùn náà ní kògbóògùn, láìka pé ó ti pẹ́ tí ó ti ń gbọ́ oògùn. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí ó lọ ṣe àyẹ̀wò oyún, tí a kò sì bá oyún kankan, orúkọ rẹ̀ lè ti bàjẹ́ kí ó tó dé ẹnu géètì iléèwé. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́, kò sì sí aláró tí í so ó pọ̀.

Ìpalára náà kò sì mọ sọ́dọ̀ ẹni tí a dójú tì. Ẹni tí a bá dójú tì lẹ́ẹ̀kan kì í padà wá mọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ohun tí ojú aládùúgbò rẹ̀ rí kò tilẹ̀ ní wá rárá. Yóò jókòó sílé, yóò máa ra oògùn tí kò mọ̀, yóò máa ní kò sí nǹkan kan tí ó ń ṣe òun. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tí kò gba ìtọ́jú yóò máa wọ ọkọ̀ dáńfó lọ sí Máìlì 2, yóò sì máa wú láàárín èrò. Aboyún tí ìbá gba oògùn kí HIV má baà ran ọmọ inú rẹ̀ yóò kọ̀ láti ṣe àyẹ̀wò, ọmọ yóò sì jẹ gbèsè tí kò dá. Ibi tí àṣírí bá ti ń jò ni àrùn ń fara pamọ́ sí. Nítorí náà, ẹni tí ó rò pé ọ̀rọ̀ ìtìjú lásán ni a ń sọ kò tíì gbọ́ wa yé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Àwọn baba wa mọ èyí kí wọ́n tó mọ ìwé kíkà. Oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn ní ojúde. Inú yàrá ni í mú un wọ̀. Àwọn òyìnbó náà mọ̀ ọ́n: ìbúra tí wọ́n fi ń pe orúkọ Hippocrates, oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìsì, ti lé ní 2,000 ọdún, ìpamọ́ àṣírí aláìsàn sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ní ọdún 1948, ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé gbé ìbúra tuntun kalẹ̀ ní ìlú Geneva, wọ́n sì tún fi ọ̀rọ̀ yìí sínú rẹ̀. Dókítà búra, nọ́ọ̀sì náà búra. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọ orúkọ kò búra, ẹni tí ń gba owó kò búra, ẹni tí ń gbálẹ̀ kò búra, ẹni tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kò sì búra. Ní ilé ìwòsàn kékeré, àwọn wọ̀nyí ni ìwé aláìsàn ń gba ọwọ́ wọn kọjá jù lọ. Ojú ihò ibẹ̀ ni ó yẹ kí a di.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àròsọ ni a ń sọ. Ní ọdún 1995, ní Èkó yìí, a ṣe àyẹ̀wò HIV fún obìnrin kan tí ń ṣe olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn aládàáni kan, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ nítorí èsì rẹ̀. Ní ọdún 2000, ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ní ọdún 2001, adájọ́ kan kọ̀ láti jẹ́ kí ó wọlé wá jẹ́rìí. Ó ní ó di ìgbà tí onímọ̀ ìṣègùn bá wá sọ pé kò ní kó àrùn ran àwọn tí ó wà nínú ilé ẹjọ́. Ó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012 kí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó tó dá a láre, tí ó sì pàṣẹ pé kí a san 7 mílíọ̀nù náírà fún un. Ọdún 17 ni obìnrin náà fi ru ẹrù náà. Àwọn mélòó ni kò lágbára àtigba agbẹjọ́rò, tí wọ́n kàn kó ẹrù wọn kúrò ní àdúgbò ní òru?

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun kan mìíràn wé e. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997, nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikóyè Ransome-Kútì, tí ó ti ṣe Mínísítà Ètò Ìlera rí, jókòó níwájú àwọn oníròhìn, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé àrùn AIDS ni ó wà nídìí ikú àbúrò òun. Ọ̀rọ̀ náà mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò gbà pé àrùn náà wà bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. A yin ìgboyà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹni tí ó sọ ọ́: ẹbí ni, ó sọ ọ́ ní gbangba, ó sì mọ ìdí tí òun fi sọ ọ́. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ni ó tú u fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí ọtí. Ẹni tí ó ni ilẹ̀kùn lè ṣí i kí ará ìta wọlé. Ẹlòmíràn tí ó bá ṣí i, jíjá ni ó já a.

Òfin ilẹ̀ wa kò sì dákẹ́. Ìwé òfin ọdún 1999, ní ìsọ̀rí 37, dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Òfin Ètò Ìlera ti Àpapọ̀, ọdún 2014, wí pé gbogbo ohun tí ó jẹ mọ́ ìlera ẹni, ìtọ́jú tí ó gbà, àti jíjókòó rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, àṣírí ni; ó sì pàṣẹ pé kí ẹni tí ó jẹ́ olórí ilé ìwòsàn ṣe ìdènà tí kò ní jẹ́ kí ẹni tí kò yẹ rí àkọsílẹ̀ náà tàbí wọ ibi tí a kó o sí. Ẹni tí ó bá kùnà lè lọ sí ẹ̀wọ̀n títí dé ọdún 2, tàbí kí ó san ₦250,000, tàbí kí ó gba méjèèjì. Lẹ́yìn èyí ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí Òfin Ìdáàbòbò Àkọsílẹ̀ Ara-ẹni ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, òfin náà sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí à ń pè ní NDPC láti máa mójú tó o. Òfin yìí ka àkọsílẹ̀ ìlera mọ́ àwọn ohun tí ó gba ìṣọ́ra jù lọ. Bí àkọsílẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tí ó sì lè ṣe ìpalára, wákàtí 72 ni a fún ẹni tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ láti fi tó àjọ náà létí. Bí ewu rẹ̀ bá sì pọ̀ fún àwọn tí ó ni àkọsílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn náà kíá. Ìtanràn tí a lè bù fún iléeṣẹ́ kékeré lè dé 2 mílíọ̀nù náírà, tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tí ó wọlé fún un lọ́dún, èyí tí ó bá pọ̀ jù.

Àwọn ohun méjì wà nínú òfin yìí tí ọ̀pọ̀ onílé ìwòsàn kékeré kò tíì mọ̀. Èkínní ni pé kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà nìkan. Ìwé tí a fi bírò kọ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Èkejì ni pé kíkéré kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Nínú ìlànà tí NDPC gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 2024, ẹni tí àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn tí ó lé ní 200 bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá láàárín oṣù 6 wà lára àwọn tí a ní kí ó forúkọ sílẹ̀. Láàbù wo ní Okokomaikò ni kò ní rí 200 ènìyàn láàárín oṣù 6?

A mọ̀ pé àwọn onílé ìwòsàn yóò fẹ́ dá wa lóhùn. Wọn yóò wí pé, ‘Agbára wa kò gbé e. Owó epo jẹnẹrétọ̀ ń pa wá, owó ilé ń pa wá, aláìsàn ń jẹ wá ní gbèsè. Ta ni yóò wá jí ohun tí ó wà lọ́dọ̀ wa?’ Àánú wọn ṣe wá, ṣùgbọ́n a kò lè gba ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn gbọ́. Ní orílẹ̀-èdè Finland, iléeṣẹ́ aládàáni kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Vastaamo ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀. Àwọn ènìyàn sì ń sọ ohun tí wọn kò lè sọ fún ọkọ tàbí aya wọn níbẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, olè kan tí ó ti gba inú kọ̀ǹpútà kó àkọsílẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn aláìsàn fúnra wọn pé kí wọ́n sanwó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun yóò gbé ọ̀rọ̀ wọn síta. Àwọn tí àkọsílẹ̀ wọn bọ́ sí i lọ́wọ́ lé ní 30,000. Ní ọdún 2021, iléeṣẹ́ náà wó. Ní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ rán ọkùnrin tí ó ṣe iṣẹ́ náà lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 6 àti oṣù díẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kì í wọ̀ ọ́. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ tí iná mànàmáná kì í lọ, kí ni àwa tí a fi ìwé sílẹ̀ gbayawu lórí tábìlì yóò wí?

Ní ti owó, púpọ̀ nínú ohun tí ó yẹ kí a ṣe kò ná ènìyàn ju owó kọ́kọ́rọ́ lọ. Kí ìwé tí ó wà lórí tábìlì ní nọ́ńbà nìkan, kí orúkọ àti èsì wà nínú ìwé mìíràn tí a tì mọ́ inú àpótí irin. Kí a fi èsì sínú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa, kí a sì fi lé ẹni tí ó ni í lọ́wọ́, kì í ṣe ẹni tí ó wí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni òun. Kí a pe aláìsàn wọ inú yàrá kí a tó bi í ní ohun tí ó ń ṣe é. Bí a kò bá lè ṣe kí a má fi fóònù ránṣẹ́, kí ó jẹ́ fóònù iléeṣẹ́ tí ó ní ọ̀rọ̀ ìdènà, kí a sì pa àwòrán rẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ibi tí kọ̀ǹpútà bá wà, kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ ìdènà tirẹ̀, kí a sì gba ti ẹni tí ó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ náà gan-an. Ìwé tí àkókò ìpamọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, iná ni kí ó jẹ ẹ́, kí ó má ṣe jẹ́ alákàrà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹni tí ń gbálẹ̀ àti ẹni tí ń gba owó fi ọwọ́ sí ìwé ìlérí bí nọ́ọ̀sì ti búra, kí a sì ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Ohùn kejì yóò ti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó rò pé àwọn ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ àti mọ́ṣáláṣí ń bèèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀. Ète wọn dára. Bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS bá fẹ́ ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS, ìyà rẹ̀ kò sì kéré. Ṣùgbọ́n láàbù kò gbọdọ̀ fi èsì ránṣẹ́ sí fóònù pásítọ̀ tàbí ìmáàmù. Àwọn méjèèjì tí ó fẹ́ ara wọn ni kí a fún. Àwọn ni yóò gbé e lọ bí wọ́n bá fẹ́. Bákan náà ni agbanisíṣẹ́: ohun tí ó tọ́ sí i ni láti mọ̀ bóyá ẹni náà lè ṣe iṣẹ́, kì í ṣe kí ó mọ gbogbo ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òfin fún òbí láyè láti bèèrè ti ọmọ tí kò tíì tójú bọ́. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ LASU tí ó ti di àgbà, bàbá tí ń san owó iléèwé rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ di oní-àṣírí rẹ̀.

Ohùn kẹta wúwo ju méjì ìṣáájú lọ. Bí àrùn burúkú tí ń ràn bá bẹ́ sílẹ̀ ńkọ́? Ṣé a óò tún máa sọ pé àṣírí ni? Rárá. Òfin fúnra rẹ̀ yọ ibi tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bá lè ṣe gbogbo ìlú ní jàǹbá sọ́tọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2014, nígbà tí ẹni tí ó ní Ebola ti Làìbéríà wá sí Èkó, Dókítà Stella Ameyo Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn aládàáni tí wọ́n gbé e lọ kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde, wọ́n sì fi tó ìjọba létí. A kọ orúkọ 894 ènìyàn tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fara kan àrùn náà, a sì ń bẹ̀ wọ́n wò nílé. Ènìyàn 20 ni ó kó o, 8 kú, Dókítà Adadevoh sì wà lára wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún náà ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà. Ẹ ronú sí i: ìdí tí àwọn 894 fi lè ṣílẹ̀kùn fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni pé wọ́n gbàgbọ́ pé ìtọ́jú ni a bá wá. Àwọn aláṣẹ ìlera ni ó yẹ kí a sọ irú èyí fún, kì í ṣe ọjà Alábà. Ẹni tí ó ti ń pa àṣírí kékeré mọ́ ni aráàlú yóò gbà gbọ́ ní ọjọ́ ewu ńlá.

Ìjọba náà kò gbọdọ̀ ká ọwọ́ gbera. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, HEFAMAA ni ó ń yẹ ilé ìwòsàn àti láàbù wò. Bí wọ́n ti ń bèèrè omi, ibùsùn àti ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì, kí wọ́n máa bèèrè pẹ̀lú pé, níbo ni ìwé aláìsàn wà, ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Kí NDPC má ṣe jẹ́ ẹni tí a ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà tí ó bá bu owó ìtanràn fún báńkì àti àwọn iléeṣẹ́ ńlá nìkan. Kí ó wá sí Ọ̀jọ́ àti Ìbà, kí ó bá ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ ṣe, kí ó kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè Yorùbá, ní èdè Ègùn, ní èdè Ìgbò tí ọ̀pọ̀ ará Alábà ń sọ. Ìkọ́ni ni kí ó ṣíwájú, kí ìyà tẹ̀ lé e fún ẹni tí ó bá kọ etí dídi. Bí ó bá jẹ́ pàṣán ni a kọ́kọ́ mú dání, àwọn ilé kékeré wọ̀nyí yóò ti ìlẹ̀kùn, aláìsàn ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ni, apá tiyín wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ ń mọ ọmọ tí wárápá ń ṣe, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ọmọ tí ó ń tọ̀ sílé. Ọ̀rọ̀ tí ìyá ọmọ bá sọ fún yín ní kọ̀rọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di ọ̀rọ̀ inú yàrá àwọn olùkọ́ nígbà ìsinmi ọ̀sán. Ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ pé bí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn, wọ́n lè bèèrè láìfi ìyájú ṣe pé, ‘Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò rí ohun tí ẹ ń kọ yìí?’

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ẹgbẹ́ òṣèlú rìn, a ní ọ̀rọ̀ kan bá yín sọ pẹ̀lú. Nígbà tí ìbò bá ń bọ̀, kò pẹ́ tí a fi ń gbọ́ pé àìsàn báyìí báyìí ń ṣe alátakò wa, pé ẹnì kan rí ìwé rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe tà á, ẹ má ṣe kà á sórí pẹpẹ ìpolongo. Bí Ààrẹ tàbí gómìnà kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́ nítorí àìlera, ìwé òfin ọdún 1999 ti la ọ̀nà tí a óò gbà yẹ̀ ẹ́ wò sílẹ̀. Fífún akọ̀wé ilé ìwòsàn ní rìbá kò sí lára ọ̀nà náà. Ẹni tí ó bá ra àṣírí alátakò rẹ̀ lónìí ti sọ iye tí a óò ra tirẹ̀ lọ́la.

Àti ẹ̀yin aráàlú, bí ẹ bá bá ìwé ní ṣíṣí sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹ má ṣe kà á. Ẹ sọ fún ẹni tí ó jókòó tì í pé kí ó pa á dé. Bí ó bá bínú, ẹ tún un sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Orúkọ tí ó wà nínú rẹ̀ lónìí jẹ́ ti ìyàwó ilé kejì. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ó lè jẹ́ ti ọmọ yín.

A padà sọ́dọ̀ ọmọdébìnrin inú láàbù yẹn. A kò fẹ́ kí a lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí ọ̀gá rẹ̀ pè é ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí ó fi àga fún un, kí ó sì wí fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ ju kíkọ orúkọ lọ, pé ìyì ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí àwọn méjèèjì jọ pa ìwé náà dé.